Ooru Tí Kì Í Ṣe Ibà

Bí obìnrin kan bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo wò ó tí mo rí i pé ó ti ń súnmọ́ ẹni ọdún 50, tó sì ní kí n fún òun ní oògùn ibà, n kì í tíì na ọwọ́ sí pẹpẹ. Mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé, "Ìyá, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín gbẹ̀yìn?" Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á wẹ̀yìn wò bóyá ọkùnrin wà nítòsí. Ẹlẹ́ja kan láti ọjà Boundary tilẹ̀ bínú, ó ní oògùn lòun wá rà, òun kò ní kí n wá fẹ́ òun.

Ajégúnlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mí. Mo fẹ̀yìn tì nígbà tí mo pé ọdún 60, bí òfin iṣẹ́ ìjọba ṣe wí, mo sì ṣí ibi tí mo ti ń ta oògùn wẹ́wẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní yàrá ìgbẹ̀bí, àwọn tó ń bímọ lọ́wọ́ nìkan ni ojú mi ń tó. Níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ti wá mọ ohun tí ojú obìnrin ń rí nígbà tí ọmọ bíbí bá tán. Ìlàjẹ ń wá, Urhobo ń wá, Ìgbò, Ìjọ̀, Ẹ̀gùn, Hausa. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á fi pijin ṣàlàyé. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò: ara ń gbóná, oorun kò wá, eegun ń ro mí, inú sì ń bí mi sí àwọn ọmọ láìnídìí.

N kì í dá wọn lẹ́bi tí wọ́n bá pè é ní ibà. Ooru á gba àyà gòkè dé ojú, òógùn á bo ọrùn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ òtútù á tún mú un. Ta ni kò ní pe irú èyí ní ibà ní Èkó? Ṣùgbọ́n láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo oògùn ibà láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò. Nítorí náà mo máa ń gún wọn níka, màá kán ẹ̀jẹ̀ sí ohun àyẹ̀wò pélébé yẹn, a ó jọ jókòó dúró dè é. Bí ìlà méjì bá jáde, ibà wà níbẹ̀. Lára àwọn ìyá tí mò ń wí yìí, ìlà kan ṣoṣo ló máa ń jáde ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kò síbà. Obìnrin náà á sì sọ fún mi pé òun ti lo oògùn ibà lóṣù tó kọjá, àti oṣù tó ṣáájú rẹ̀, òun sì ti lo ti jẹ̀funjẹ̀fun mọ́ ọn. Ó ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí ìyá wa tó bí wa ni gbogbo ẹyin tí a máa lò láyé ti wà nínú wa. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni wọ́n ń dín kù. Nígbà tó bá ku díẹ̀, ilé ẹyin kò ní lè máa pèsè èròjà tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́sítírójìn déédéé mọ́. Ó lè pọ̀ lóṣù yìí, kó gbẹ lóṣù tó ń bọ̀. Nǹkan oṣù náà á wá di ségesège: á wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, á tún pa oṣù mẹ́ta jẹ, bó bá sì wá, á dà bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Rúdurùdu yìí lè gba ọdún bíi mélòó kan. Tí oṣù 12 bá wá tẹ̀ léra tí obìnrin kò rí nǹkankan, tí kì í ṣe oyún, tí kì í ṣe pé ó ń fọ́mọ lọ́mú, tí kì í sì í ṣe oògùn ló dá a dúró, ìgbà náà la tó lè sọ pé ó ti dúró pátápátá. Láàárín ọdún 45 sí 55 ló wọ́pọ̀ jù. Ẹni tí tirẹ̀ bá dúró kó tó pé ọdún 40, kó má jókòó sílé, kó lọ rí dókítà.

Ooru yẹn ńkọ́? Apá kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ bí ara ti gbóná tó. Nígbà tí ẹ́sítírójìn bá ń lọ tó ń bọ̀, ojú apá yìí á di ojú onílé tí iná ti jó rí: ó rí èéfín àkàrà, ó ti gbé garawa omi. Ara gbóná díẹ̀ péré, ohun tí kò bá tiẹ̀ fura sí tẹ́lẹ̀, ọpọlọ á ti da ẹ̀jẹ̀ sí abẹ́ awọ, á ti ṣí òógùn sílẹ̀. Kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀, oògùn ibà kò sì lè rí i mú.

Ohun tí àwọn obìnrin sì máa ń bi mí tẹ̀ lé e ni pé ọjọ́ wo ni yóò lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn obìnrin kan fún ọdún gbọọrọ nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SWAN. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé lára ìdajì àwọn tí ooru yìí ń dà láàmú, ó ju ọdún 7 lọ kó tó lọ. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni tiwọn pẹ́ jù, ó lé ní ọdún 10. Bí mo bá sọ èyí, ẹnu á kọ́kọ́ yà wọ́n, lẹ́yìn náà ni ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹni tó ti ń rò pé ayé ló ń ṣe òun á rí i pé ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti là kọjá ni.

Ẹ wá ro ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iná. Olóúnjẹ kan wà tó ń dáná ìrẹsì, ẹ̀wà àti àmàlà fún àwọn awakọ̀ tírélà ní Creek Road ní Àpápá. Gbogbo wa la rántí àkókò tí tírélà dí gbogbo ọ̀nà èbúté, tí awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, kó tó wọlé gbẹ́rù. Ọjà olóúnjẹ tà nígbà náà. Ìkòkò kì í kúrò lórí iná, òun náà kì í kúrò nídìí ìkòkò. Ó ní òun mọ̀ pé ooru ń mú òun, ṣùgbọ́n ta ni kì í làágùn nídìí iná? Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2021, ìjọba gbé ohun tí wọ́n pè ní Ètò jáde, èyí tí wọ́n fi ń pe tírélà wọ èbúté lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tírélà dín kù lójú ọ̀nà, àwọn tó ń jẹun náà dín kù. Ìyá yìí wá ń jókòó sílé láwọn ọjọ́ kan, kò dáná. Ìgbà yẹn ló tó rí i pé iná náà bá òun délé.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì náà kò bọ́ níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté sọ fún mi pé ìjà tó ń wáyé ní ọ́fíìsì àwọn ní Wharf Road kò ju ti ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Òun á sọ ọ́ di òtútù nini, àwọn ọmọ tó ń bá òun ṣiṣẹ́ á máa wọ súwẹ́tà, bí òun bá sì jáde báyìí, wọ́n á pa á. Mo ní kó sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ó ní òun kò lè sọ ọ́, pé wọ́n á máa pe òun ní ìyá arúgbó. Mo ní kí ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀?

Alẹ́ ló le jù ní àdúgbò wa. Yàrá kan ṣoṣo, páànù lókè, fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé kejì, kò síná, ọmọ mẹ́ta lórí ẹní, ọkọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá á dìde lóru, á lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọn á bá a níbẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di òwúrọ̀, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, ẹni tó bá kọ́kọ́ kí i á gba ìbínú. Ohun tí mo ń sọ fún wọn kò ṣòro: ìró òwú tó fúyẹ́ ni kí wọ́n fi sùn, kí òmíràn tó gbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí aṣọ ìnura tó tutù àti omi mímu wà nítòsí, kí wọ́n jẹ oúnjẹ alẹ́ kó tó ṣú jù, kí ata inú rẹ̀ dín kù, kí wọ́n sì fi ọtí àti sìgá sílẹ̀. Kì í mú un lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń dín in kù. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju èyí lọ, oògùn wà ní ilé ìwòsàn tó ń dá ẹ́sítírójìn padà sí ara. Lọ́dún 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà dẹ́rù ba gbogbo ayé nípa rẹ̀, wọ́n ní ó ń fa jẹjẹrẹ ọmú àti àrùn rọpárọsẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti tún ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì gbà pé fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí kò tíì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró ju ọdún 10 lọ, àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Dókítà ló gbọ́dọ̀ wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọmú obìnrin kó tó fún un. N kì í tà á, n kò sì ní tà á.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni dẹ́kísà. Ẹ mọ̀ ọ́n, oògùn kékeré tí àwọn obìnrin ń lò kí wọ́n lè sanra, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lè yọ. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró, eegun obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, nítorí ẹ́sítírójìn wà lára ohun tó ń dáàbò bò ó. Dẹ́kísà náà sì ń jẹ eegun. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lára ìyá kan, kò ní í pẹ́ tí yóò fi yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí á ṣẹ́. Dípò rẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n jẹ ẹja ṣàwá pẹ̀lú egungun rẹ̀, kí wọ́n lọ edé sọ́bẹ̀, kí wọ́n rin ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí oòrùn òwúrọ̀ bà wọ́n lára. Ẹlẹ́ja tó bínú sí mi níjọ́sí ní, "Ṣé ohun tí mò ń tà yìí náà loògùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ yìí polówó.

Ìyá mi kò sọ ìkankan nínú èyí fún mi. Ẹ̀bà ló ń tà fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Àpápá. Lọ́dún 1975, tí ìjọba ra sìmẹ́ńtì kọjá agbára èbúté, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sí ojú òkun Èkó tí wọn kò ríbi gúnlẹ̀ sí, mo máa ń bá a ru abọ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Èbúté Tin Can ni wọ́n wá ṣí lọ́dún 1977 kó lè gba díẹ̀ nínú wàhálà náà. Ìgbà tí nǹkan oṣù ìyá mi dúró, ohun kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Èmi náà ti di ọkùnrin." Ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo lóye ẹ̀rín náà nígbà tó yá. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá ló ń lọ, èyí tí Oschoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, lọ́dún 1947. Nínú ìjọ náà, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé ìsìn fún ọjọ́ méje. Èmi kò fẹ́ràn òfin yẹn, mo sì máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi tó ti fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ka ọjọ́ wá dẹni tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún nígbà gbogbo, kò sì pa ìsìn kankan jẹ mọ́. Àlàájà tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa náà ní ayọ̀ tirẹ̀. Obìnrin Mùsùlùmí tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í gba ààwẹ̀, á san àwọn ọjọ́ náà padà lẹ́yìn Ràmádáànì. Lọ́dún tó kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ tán láìjẹ gbèsè ọjọ́ kankan, ó se sàráà fún gbogbo ilé. Ọmọdé ni wá, ìrẹsì la mọ̀ pé a jẹ, a kò mọ ohun tí wọ́n ń yọ̀ sí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé obìnrin ti parí ní ọjọ́ orí yìí. Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Nígbà tí òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin Ẹ̀gbá lọ dúró sí ààfin Aláké nítorí owó orí ní ìparí ọdún 1947, ẹni ọdún 47 ni. Nígbà tí Aláké Adémọ́lá kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949, ó jẹ́ 48. Bóyá ooru mú un níwájú ààfin lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà níbẹ̀ sọ. Ohun tí mo rí ni pé ọjọ́ orí tí àwọn oníbàárà mi fi ń sọ pé àwọn ti parí ni òun fi lé ọba kúrò lórí àléfà.

Agbára yìí kan náà làwọn èèyàn ń bẹ̀rù, wọ́n á sì fún un ní orúkọ burúkú. Obìnrin tó bá ti dàgbà, tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, tó ń dìde lóru nítorí ooru, tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òkùnkùn, kò ní í pẹ́ tí wọ́n á fi ní àjẹ́ ni. Bó bá tún dàgbà sí i, tó ń gbàgbé orúkọ ọmọ, tó ń ṣìnà ilé, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì kó lọ jẹ́wọ́. Àìsàn ni ìgbàgbé yẹn, ilẹ̀ wa níbí sì ni wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Indianapolis bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà ìlú méjèèjì lọ́dún 1992. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ọmọ Yorùbá tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìbàdàn, bí ẹnì kan àti díẹ̀ ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àìsàn náà lọ́dún. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ó ju mẹ́ta lọ. Tiwa kò tilẹ̀ pọ̀ tó tiwọn. Láti ọdún 2012 ni ibi ìtọ́jú àwọn arúgbó ti wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, orúkọ Tony Anenih ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó bá lówó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wòlíì, owó ọkọ̀ náà lè gbé e dé ibẹ̀.

Ẹ̀rù ohun méjì ló ń bà mí ju ooru lọ. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ tó bá tún yọ lẹ́yìn tí oṣù 12 ti pé. Àwọn ìyá máa ń dunnú sí i, wọ́n á ní ọ̀dọ́ ti padà. Rárá o. Bó jẹ́ ẹ̀kán kan péré, ilé ìwòsàn ni kí ẹni náà lọ, nítorí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ tàbí ti ẹnu ilé ọmọ ló ń kan ilẹ̀kùn. Ti ẹnu ilé ọmọ yìí, a lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di nǹkan, a sì lè dáàbò bo àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà ló yẹ kó mú wọn lọ, òun ló ní àsìkò.

Èkejì ni oyún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Obìnrin ọdún 46 tí nǹkan oṣù rẹ̀ pa oṣù mẹ́rin jẹ á ní ó ti tán, á lọ yọ ohun ìfètòsọ́mọbíbí. Oṣù mẹ́rin yẹn kò tó. Kí ẹni tí kò tíì pé 50 tó yọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún méjì gbáko láìrí nǹkankan. Ẹni tó ti lé ní 50, ọdún kan. Mo ti gbẹ̀bí ìyá tó ń fi aṣọ bojú nítorí pé ọmọ rẹ̀ obìnrin náà wà nínú oyún.

Ó yẹ kí obìnrin ọjọ́ orí yìí ronú nípa owó ọjọ́ alẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n n kò ní sọ púpọ̀. Àjọ tí wọ́n ń kó ní Kérésìmesì dára, ṣùgbọ́n aṣọ àti ìrẹsì ló ń gbà á. Láti ọdún 2019 ni ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ti wà, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí lè máa fi díẹ̀díẹ̀ pa mọ́ síbẹ̀. Nínú àwọn tó ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn tó ti wọ̀ ọ́ kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ sọ jù ni ti inú yàrá. Ojú ara á gbẹ lẹ́yìn tí ẹ́sítírójìn bá lọ, ìbálòpọ̀ á máa dunni, obìnrin á máa sá, ọkọ á máa rò pé wọ́n ti kọ òun sílẹ̀. Àwọn kan ń fi ìpara Robb pa á, ẹ gbà mí o. Jẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n fi omi ṣe, òun ni mo máa ń fún wọn, mo sì máa ń ní kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún ọkọ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá arúgbó kan wá, ó dúró títí gbogbo èèyàn fi lọ. Ó ní ìyàwó òun ló rán òun, pé òun wá gba "ti ẹlẹ́ja yẹn." Mo mú jẹ́ẹ̀lì náà jáde. Ó yí i wò, ó bi mí bóyá ọ̀kan lè tó wọn lóṣù kan. Mo ní ìyẹn kù sí ọwọ́ àwọn méjèèjì. Ó rò ó díẹ̀, ó ní kí n fún òun ní mẹ́ta.